Lẹ́tà ṣíṣí sí National Sports Commission: Ẹ bá wa ra fóòmù háì jọ́ǹpù fáwọn ọmọ Àbújá

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Mallam Shehu Dikko tẹ́ ẹ jẹ́ alága, àti ẹ̀yin ọ̀gá wa Họ́nọ́rébù Bùkọ́lá Ọlọ́pàdé tẹ́ ẹ jẹ́ dáírẹ́kítọ̀ jẹ́nẹ́rà, àti gbogbo ọ̀gá tó kù ní National Sports Commission. Ẹ kú wàhálà gbogbo wa. Tíṣà P.E. ni mí ní sẹ́kọ́ndìrì ìjọba kan lápá Kubwa níbí, ọmọ Yorùbá tó ti di ará Àbújá. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú yín á kà á láìwá ògbufọ̀, mo sì fẹ́ káwọn òbí tó jẹ́ Yorùbá ní Kubwa, Nyanya, Lugbe, Mararaba, àwọn tọ́mọ wọn wà lọ́wọ́ àwa tíṣà, náà kà á kí wọ́n bá mi dá sí i.

Ọ̀rọ̀ háì jọ́ǹpù ni mo bá wá, eré ká sáré ká fò sókè kọjá ọ̀pá. Mi ò bèèrè sítédíọ̀mù tuntun o, mi ò bèèrè kí ẹ kó ọmọ kankan lọ sí òkè òkun. Fóòmù ni mò ń bèèrè, fóòmù tọ́mọ máa balẹ̀ sí tó bá fò tán. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ibi tá a ti ń bọ̀, torí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ò mọ̀, àwọn òbí wọn gan-an ò mọ̀. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira rárá, háì jọ́ǹpù la fi ń yọjú sí ayé. Lọ́dún 1948, ọmọ Akarigbo ìlú Rẹ́mọ, Adégbóyèga Adédoyin, fò nínú Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní London, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bá fò nígbà yẹn torí àwa ò tíì ní tìm tiwa, ó fò sókè ó tún fò síwájú, ipò karùn-ún ló ṣe nínú fífò síwájú. Ní 1950, ní Auckland ní New Zealand, Májẹ̀kódùnmí gba sílífà háì jọ́ǹpù nínú Empire Games, èyí tá a wá ń pè ní Commonwealth Games lónìí. Ọ̀gá wa Ọlọ́pàdé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe kọmíṣánnà eré ìdárayá ní Ògùn, mi ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ Májẹ̀kódùnmí. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Nàìjíríà lọ Òlíńpíìkì fúngbà àkọ́kọ́ ní Helsinki, ọkùnrin yìí kan náà tún wà níbẹ̀, ó ṣe ipò kẹsàn-án nínú gbogbo ayé.

Wàyí o, 1954. Empire Games náà tún dé, ní Vancouver ní Kánádà. Emmanuel Ifeajuna, ọmọ Onitsha, fò mítà 2.03, ó gba góòlù. Bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà láìní bàtà. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó gba góòlù nínú ìdíje àgbáyé tó tó bẹ́ẹ̀. Patrick Etolu ọmọ Uganda ló gba sílífà, Nafiu Osagie ọmọ Nàìjíríà tiwa ló gba brọ́ńsì. Ẹ ka ìyẹn dáadáa: góòlù, sílífà, brọ́ńsì, ọmọ Áfíríkà mẹ́ta, méjì nínú wọn tiwa, nígbà tí aláwọ̀ funfun ṣì ń ṣàkóso wa nílé. Ẹ sì tún wo nọ́ḿbà yẹn fúnra ẹ̀, torí tíṣà ni mí, mo fẹ́ràn nọ́ḿbà. Ẹni tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní 1952, Walt Davis ọmọ Amẹ́ríkà, 2.04 ló fò. Ifeajuna fò 2.03. Sẹ̀ǹtímítà kan péré ló wà láàárín ọmọ Onitsha àti góòlù Òlíńpíìkì.

Mo mọ̀ pé orúkọ yìí wúwo lápá Àríwá níbí, mi ò sì fẹ́ fò ó dá. Ifeajuna wọ iṣẹ́ sójà lẹ́yìn náà, ó wà lára àwọn tó ṣe kúù January 1966, kúù tí wọ́n ti pa Tafawa Balewa, Sardauna, Akíntọ́lá tiwa, àtàwọn ọ̀gá sójà, nígbà tó sì di September 1967 wọ́n yìnbọn pa òun náà ní Enugu. Àwọn ìdílé kan wà ní ìlú yìí tí ọgbẹ́ yẹn ò tíì jinná lára wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni, mi ò sì kọ lẹ́tà yìí láti fọ ẹnikẹ́ni mọ́. Àmọ́ nígbà tí orúkọ ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ yẹn, eré fífò sókè náà bá a wọlẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n tẹ fọ́tò ẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé, lónìí ẹ bi ọmọ SS3 ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á ní ṣé ó ń kọrin ni. Ohun tó tiẹ̀ ń dùn mí jù ni pé lẹ́yìn Vancouver, kò tún fò nínú ìdíje ńlá kankan mọ́. Ó lọ kàwé ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ó parí síbẹ̀. Ọmọ ogún ọdún, tó fi sẹ̀ǹtímítà kan súnmọ́ góòlù Òlíńpíìkì, kò ní ẹni tó sọ fún un pé iṣẹ́ tó máa ṣe fún ọdún mẹ́wàá míì nìyí. Ayé ìgbà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún eléré nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká dárò ẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ tá a fi kúrò níbi tá a wà? Àwọn kan á ní ìjọba, àwọn kan á ní owó, àwọn kan á ní bọ́ọ̀lù ló gba gbogbo ẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ eré yìí, ohun tí mo rí ni fóòmù.

Ní 1954, inú iyanrìn àti ìfọ́ pákó ni gbogbo ayé ń balẹ̀ sí. Amẹ́ríkà o, Gẹ̀ẹ́sì o, Onitsha o, iyanrìn kan náà ni. Tọ́mọ bá ní ẹsẹ̀ tó lágbára, tó ní òpó méjì àti ọ̀pá kan, ohun tí ọmọ Amẹ́ríkà ní lòun náà ní, ìdí nìyẹn tí Májẹ̀kódùnmí àti Ifeajuna fi lè dúró ti ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó fóòmù síbẹ̀ dípò iyanrìn. Ìgbà tí ilẹ̀ ti rọ̀ báyìí ni ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Dick Fosbury bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn kọjá ọ̀pá, orí síwájú, ojú sí òkè ọ̀run, ẹsẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó lọ bẹ́ẹ̀ sí Òlíńpíìkì Mexico ní 1968, ó fò 2.24, ó gba góòlù, gbogbo ayé sì bá a kọ́ ọ. Lónìí kò sí ẹni tó ń fò ní ìdíje ńlá tí kò fi ẹ̀yìn kọjá. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà ní 2.12 lọ́dún 1953 ti di 2.45 lọ́wọ́ Javier Sotomayor ọmọ Cuba láti 1993. Ní July 2024, obìnrin, Yaroslava Mahuchikh ọmọ Ukraine, fò 2.10 ní Paris, ìyẹn fi sẹ̀ǹtímítà méje ju èyí tó fún Ifeajuna ní góòlù láàárín àwọn ọkùnrin.

Kì í ṣe àrà lásán ni fífi ẹ̀yìn kọjá yìí o, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Tọ́mọ bá fò bíi sísọ́ọ̀sì, tó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá kó tó gbé ìkejì, ara ẹ̀ á wà ní òró, ibi tí ìwúwo ara ẹ̀ kó jọ sí sì gbọ́dọ̀ ga ju ọ̀pá lọ dáadáa. Àmọ́ tó bá fi ẹ̀yìn kọjá, tó tẹ ara bí ọrun, orí á ti kọjá kó máa bọ̀ nílẹ̀, ìdí á wà lókè, ẹsẹ̀ á ṣì wà lẹ́yìn, débi pé ibi tí ìwúwo ara ẹ̀ kó jọ sí lè gba abẹ́ ọ̀pá kọjá nígbà tí òun fúnra ẹ̀ gba òkè. Agbára kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ọ̀pá tó ga sí i. Ẹni tó bá ṣe báyìí, ẹ̀yìn àti èjìká ló máa fi balẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa ní kí ọmọ ọlọ́mọ fi ọrùn balẹ̀ sórí iyanrìn?

Ibi tí wọ́n ti já wa sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ilẹ̀ rírọ̀, wọ́n kọ́ ọgbọ́n tuntun. Àwa wà lórí iyanrìn, a dúró sídìí sísọ́ọ̀sì. Tíṣà tó bá ń kọ́ sísọ́ọ̀sì kò ya òpè, ẹ̀mí ọmọ ló ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí ní íńtà-háùsì fún yín, bóyá ẹ ò tíì rí i láti tẹ́ńtì níwájú. Lẹ́yìn pápá, lápá ibi tí kò sí tẹ́ńtì, a máa fi ṣọ́bìrì tú ilẹ̀. Ẹ mọ ilẹ̀ Àbújá, ilẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú, tó bá di ìgbà ọyẹ́ ó máa ń le gbagidi. A máa ṣa òkúta, a máa da iyanrìn lé e, tá a bá rí owó mọ́tò a máa lọ kó ìfọ́ pákó wá láti Dei-Dei lọ́dọ̀ àwọn tó ń la igi, a máa dà á lé iyanrìn kó lè rọ̀ díẹ̀. Òpó méjì, ọmọ kan máa dúró ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn má gbé e ṣubú. Ọ̀pá gidi, iléèwé díẹ̀ ló ní in, ọ̀pọ̀ ìgbà okùn la máa ń na. Okùn ò sì ṣe é dá ẹjọ́ o! Ọ̀pá máa ń já bọ́ tí ara bá kàn án, gbogbo èèyàn á rí i, ọ̀rọ̀ parí. Okùn á kàn mì lọ mì bọ̀, háùsì pupa á ní ó kàn án, háùsì búlúù á ní atẹ́gùn ni, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń fò kò tiẹ̀ ní í mọ̀ bóyá òun fò ó àbí òun ò fò ó. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí agbára òun dé?

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ Nupe, SS1 ló wà. Ó máa ń fi híjáàbù ẹ̀ há inú tíráàkì, á sì wá dúró lápá ọ̀tún jìnnà sí okùn. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní ohun tó ń ṣe. Fóònù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ti wò ó. Ó máa sáré wá ní tààrà, tó bá kù bí ìgbésẹ̀ márùn-ún á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́rọ́ bí ẹni tó ń fi ọ̀kadà yí ráńdábáàtì, ara ẹ̀ á tẹ̀ sínú, ẹsẹ̀ òsì á gún ilẹ̀, orúnkún ọ̀tún á lọ sókè, èjìká á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí okùn, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré bí mo ṣe máa ń rí i lọ́dọ̀ àwọn tó wà lórí tẹlifíṣàn. Lójú òfuurufú níbẹ̀ ló máa ń rántí ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Á ká ara ẹ̀ padà kíá, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, á dúró, á máa gbọn iyanrìn. Ó wá bi mí lọ́jọ́ kan, "Ọ̀gá, ẹ ní kí n fi ẹ̀yìn kọjá tó bá yá, ibo ni kí n wá fi ẹ̀yìn ọ̀hún lé?" Ìbéèrè ẹ̀ ni mo gbé wá bá yín yìí.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ga tó. Mo máa ń gbọ́ ọ létí pápá, pé ẹni gígùn ló ni eré yìí. Stefan Holm ọmọ Sweden, mítà 1.81 ló ga, ẹ máa rí ọkùnrin tó ga bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibùdókọ̀ Berger, ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Athens 2004, ó sì ti fò 2.40 rí. Franklin Jacobs ọmọ Amẹ́ríkà ò ju 1.73 lọ, ó fò 2.32 ní 1978. Ìkọ́ni àti ìgbà ló ń ṣe é.

Ìgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbé sọ́kàn, torí iṣẹ́ eléré háì jọ́ǹpù gùn, kì í ṣe eré tọ́mọ máa bẹ̀rẹ̀ lónìí kó gba mẹ́dàlì lọ́la. Ẹ wo Mutaz Barshim, ọmọ Qatar tí ìdílé ẹ̀ wá láti Sudan. Gbogbo èèyàn tó wà ní Qatar kò tó ará Kánò. Ní London 2012, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó gba mẹ́dàlì. Ní 2014 ó fò 2.43 ní Brussels, Sotomayor nìkan ló tíì fò jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ìtàn eré yìí. Sílífà ní Rio 2016. Góòlù ní Tokyo, tóun àti Tamberi ọmọ Ítálì jọ pín. Brọ́ńsì ní Paris 2024, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Láàárín ẹ̀, ó gba góòlù àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta, 2017, 2019, 2022. Òlíńpíìkì mẹ́rin, mẹ́dàlì mẹ́rin, ẹsẹ̀ òsì kan náà ló fi ń gún ilẹ̀.

Ẹsẹ̀ òsì yẹn náà ló sì fọ́. Ní July 2018, ní Hungary, ó ń gbìyànjú 2.46 tí ì bá di rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò fò mọ́ lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó lé e, wọ́n dúró tì í, kóòṣì ẹ̀ dúró tì í, ìjọba ẹ̀ dúró tì í, nígbà tó sì di October 2019 ó fò 2.37 ní Doha níwájú àwọn èèyàn ẹ̀, ó gba góòlù àgbáyé. Nígbà tí mo wo ọjọ́ yẹn, omi bọ́ lójú mi. Ká ní ibòmíì ni ẹsẹ̀ yẹn ti fọ́, ibi tó jẹ́ pé ìdílé eléré ló máa wá owó ilé ìwòsàn kiri, ibẹ̀ ni orúkọ ẹ̀ máa parí sí.

Àwa náà ní tiwa, kí ẹ má rò pé mò ń fi ilé wa bú. Doreen Amata gba góòlù All-Africa Games ní Algiers 2007, ó lọ Òlíńpíìkì Beijing 2008, ó sì wọ fáínà àgbáyé ní Daegu ní 2011. Ọmọbìnrin Nàìjíríà, láàárín àwọn tó ń fò ga jù láyé, nínú eré tí ọ̀pọ̀ iléèwé wa ò ní ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọ! Mítà 1.95 tó fò ni rẹ́kọ́ọ̀dù Nàìjíríà fún ọdún gbọọrọ kó tó di pé Tèmítọ́pẹ́ Adéṣínà fò 1.97 ní 2024. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, mo pariwo ọ̀rọ̀ náà ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ibo ni Tèmítọ́pẹ́ wà tó ti fò ó? Texas Tech, ní Amẹ́ríkà. Mo bá a yọ̀, kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Àwọn tó kù ńkọ́, àwọn tí kò ní rí síkọ́láṣíìpù, tí bàbá wọn ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Kubwa, tí ìyá wọn ń ta ẹ̀fọ́ ní Gwagwalada? Ṣé dandan ni kọ́mọ kọjá òkun kó tó rí fóòmù?

Ní ti fóòmù gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́, torí àwọn kan ti sọ fún mi pé ká lọ ra mátírẹ́ẹ̀sì ká tò ó. Mátírẹ́ẹ̀sì ò ṣeé ṣe. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ á gba inú ẹ̀ kan ilẹ̀, tí ẹ bá sì to méjì-mẹ́ta pọ̀, wọ́n máa ń ya, ẹsẹ̀ tàbí ọrùn á há sáàárín. Fóòmù háì jọ́ǹpù gidi, bílọ́ọ̀kù ńláńlá ni, wọ́n máa ń so wọ́n pọ̀ mọ́ra, wọ́n á wá tẹ́ fóòmù míì tó fẹ̀ borí gbogbo ẹ̀ kí àlàfo kankan má sí. Ti ìdíje àgbáyé máa ń gùn tó mítà mẹ́fà, á fẹ̀ ní mẹ́rin, á ga tó mítà 0.7. Ti iléèwé lè kéré sí i. Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á tó bá ti òkè òkun wá, mo mọ̀. Àmọ́ Vitafoam wà ní ilẹ̀ yìí, Mouka wà ní ilẹ̀ yìí, fóòmù ni wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ́fíìsì, ẹ pè wọ́n, ẹ fún wọn ní ìwọ̀n, ẹ bi wọ́n pé èló. Mi ò rò pé èèyàn tó lè ṣe fóòmù tí gbogbo ìlú ń sùn lé kò ní lè gé bílọ́ọ̀kù kó fi tapólì tó nípọn bò ó.

Mi ò ní kí ẹ kó o dé gbogbo iléèwé lọ́jọ́ kan. Area council mẹ́fà ló wà ní FCT: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali, Abaji. Ẹyọ kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní iléèwé tí àwọn tó kù lè rìn dé, ká máa kó àwọn ọmọ wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé sítédíọ̀mù Moshood Abíọ́lá wà, ibẹ̀ dáa, All-Africa Games 2003 ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ wá gbìyànjú kí ẹ gbé ọmọ láti Abaji lọ síbẹ̀ pẹ̀lú owó mọ́tò ìsinsìnyí, kí ẹ tún dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tó bá máa di eléré gbọ́dọ̀ fò ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rà á, ẹ má kàn gbé e sílẹ̀ kí ẹ ya fọ́tò kí ẹ máa lọ. Òjò Àbújá á mu ún bí ẹ bá fi sílẹ̀ níta, fóòmù tó bá mu omi yó á jẹrà láti inú. Oòrùn á jẹ́ kí awọ ẹ̀ gbó, kó já. Eku á wọ inú ẹ̀ bímọ, ikán á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ó fẹ́ pálẹ́ẹ̀tì lábẹ́, ó fẹ́ ìborí, ó fẹ́ orúkọ èèyàn kan pàtó tí wọ́n á máa bi. Ẹ kọ orúkọ gáms-másítà yẹn sínú ìwé, kó buwọ́ lù ú. Ẹ sì tún pe àwa tíṣà P.E. jọ nígbà họ́lídè, kí àwọn kóòṣì tó mọ eré náà dáadáa fi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ láti fi ẹ̀yìn kọjá hàn wá ní ìpele-ìpele, torí fóòmù láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ náà lè ṣèèyàn léṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fẹ́ kọ́ ọ, tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ Commonwealth 2034. Àbújá bèèrè 2014, Glasgow ló gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. A tún bèèrè 2030, ó bọ́ sọ́wọ́ Ahmedabad ní Íńdíà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí 2034 jẹ́ tiwa lóòótọ́, èmi náà fẹ́ wò ó lójú ara mi. Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan: ọmọ tó jẹ́ ọdún mọ́kànlá-méjìlá báyìí, bí ogún ọdún ló máa wà ní 2034, bí Ifeajuna ṣe wà ní Vancouver. Kò sí níbòmíì, ó wà nínú kíláàsì kan ní Àbújá báyìí, JSS1 tàbí praimári fáìfù. Tó bá fi máa wọ SS kó tó rí fóòmù àkọ́kọ́, ó ti pẹ́. Ibi eré ṣeé yára kọ́, kọ́ńtíráàtọ̀ á ṣe é lọ́dún méjì, àmọ́ kò sí kọ́ńtíráàtọ̀ tó lè kọ́ eléré háì jọ́ǹpù lọ́dún méjì.

Àwọn kan á ní kí ni fífò sókè máa ṣe fún wa, bọ́ọ̀lù ni aráàlú fẹ́. Mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ọmọ méjìlélógún ló máa ń wà lórí pápá, àwọn tó kù lára ọgọ́rùn-ún máa ń jókòó létí ògiri. Lára àwọn tó wà létí ògiri yẹn ni mo ti rí àwọn tó ń fò dáadáa jù.

Ohun tí mo ní láti fi kún un nìyí. Mo ti bá pirinsípà wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ká lo yàrá tó wà lẹ́yìn láàbù, ó ní ilẹ̀kùn irin, òrùlé ẹ̀ kò jò, mo ti fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà ẹ̀, bílọ́ọ̀kù fóòmù á gbà á kọjá. Káfíńtà kan tọ́mọ ẹ̀ wà ní JSS2 lọ́dọ̀ wa ti ní òun á kan pálẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀sán Wẹ́sidé la máa ń ṣe eré ìdárayá. Ẹ rán ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá fẹ́, kó má sọ fún wa ṣáájú, kó kàn wá dúró létí pápá kó wò ó. Tó bá di àsìkò bọ́jẹ́ẹ̀tì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóòmù mẹ́fà sínú ẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní orúkọ tiẹ̀, kí wọ́n má pa á pọ̀ mọ́ "ohun èlò eré ìdárayá" tẹ́nikẹ́ni ò ní lè bèèrè ẹ̀ mọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Tíṣà P.E. kan,
Kubwa, Àbújá.